Ọ̀nà Ọ̀fun: Oúnjẹ Tí A Jẹ Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Irú àwa yìí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kìlọ̀ fún, nítorí pé láti kékeré ni a ti mọ̀ nínú ara wa pé ìfẹ́ oúnjẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ibi iṣẹ́ a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní bí a bá rán wa lọ sí ìlú kan láti yẹ ìwé owó wò, ọbẹ̀ tí a jẹ níbẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ròyìn nígbà tí a bá padà dé, kí a tó wá mẹ́nu kan owó. A kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin baba ilé, gbọ́ bí ọ̀fun wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa ṣìnà. Kì í ṣe àjẹjù ni ó fẹ́ mú wa ṣìnà, ìgbéraga ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá. Ní ilé tí a gbé tọ́ wa dàgbà, a kò mọ oúnjẹ alẹ́ mìíràn ju àmàlà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá wa a máa ra iṣu wẹ́wẹ́ jọ, àwa ọmọ a sì bá a bó o. A ó bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná láì jẹ́ kí ó jinná, a ó fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà a ó sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì le bí igi. Àwa ọmọ ni a ń ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́, a sì ń wo ojú sánmà nítorí òjò. Bí a bá lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́; bí a bá sì rò ó nínú omi híhó, àwọ̀ rẹ̀ a ṣú, a rọ̀, a sì máa dán. Ìyá wa a se gbẹ̀gìrì láti inú ẹ̀wà tí a ti bó eèpo rẹ̀, a fi ìjábẹ̀ lu ewédú títí yóò fi yọ̀ bí ó ti yẹ, a da méjèèjì pọ̀ lórí àmàlà, a sì bu ọbẹ̀ ata lé e. Àbùlà ni a ń pè é. Títí di òní, bí a bá gbọ́ ìró ìjábẹ̀ nínú ìkòkò, a máa ń rántí ìyá wa, ẹni tí ó ti sùn nínú Olúwa.

Ohun tí ó burú nínú ọ̀ràn náà ni pé a kò mọ̀ pé ìyá ẹlòmíràn náà ní ìkòkò.

Ní ọdún 2003 ni a gbé ìyàwó, a sì fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyàwó wa jí ní kùtùkùtù, ó lọ sí ọjà, ó sì ra ewùrà. Ó bó o, ó rín in títí ó fi di ohun tí ń fà. Ó gbé epo pupa àti ata kaná pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé, ó fi ọwọ́ já ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kéékèèké, kò sì rò ó kíákíá, kí ó lè máa ṣù síra wọn nínú ọbẹ̀ náà. Ikókoré ni ó ń sè, oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í yangàn nípa rẹ̀. Ó gbé e wá síwájú wa, ó kúnlẹ̀, ó sì ń wo ojú wa.

A tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, a sì rẹ́rìn-ín. A ní, “Kí ni èyí? Gbé e fún ọmọ tí kò tí ì hu eyín.”

Kò dá wa lóhùn. Ó gbé abọ́ náà, ó padà sí ilé ìdáná, kò sì pẹ́ tí ó fi gbé àmàlà dé. A jẹ ẹ́, a yó, a sì sùn. Láti ọjọ́ náà, odidi ọdún 19, a kò rí ikókoré lórí tábìlì wa mọ́. A rò pé ó ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kódà a máa ń fi ṣe fáàrí láàrin àwọn ọ̀rẹ́ wa pé a ti sọ ọmọ Ìjẹ̀bú di ọmọ Ọ̀yọ́.

Ẹ sì wò ó, ẹnu kan náà tí ó gan oúnjẹ aya wa ni a gbé kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì ń fi yin oúnjẹ aya ẹlòmíràn. Nígbà tí iṣẹ́ gbé wa dé Adó-Èkìtì, ìró odó ni ó jí wa. Níbẹ̀ ni ó ti yé wa ìdí tí àwọn àgbà fi wí pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Iyán iṣu tuntun ni wọ́n gbé fún wa, ó funfun, kò ní kókó kankan, a sì fi ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ìgbẹ́ jẹ ẹ́. A yin olóúnjẹ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì í.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021, a máa ń wọ̀ ọ́ ní Mọníyà lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá fún wa ní láfún. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọn a sá a, wọn a sì lọ̀ ọ́. Àmàlà wọn a funfun, nígbà tí tiwa dúdú. Wọ́n tún fún wa ní ìrẹsì Ọ̀fàdà, èyí tí ó gba orúkọ ìlú Ọ̀fàdà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọn kì í ha gbogbo awọ rẹ̀ kúrò, nítorí náà ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe pọ́n díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì ṣe ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Inú ewé ni wọ́n pọ́n ọn sí, wọ́n sì fi ata tí wọ́n dín nínú epo jẹ ẹ́, pẹ̀lú irú, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹyin. A jẹ ewé kan, a bèèrè òmíràn.

Ní Èkó, ọ̀rẹ́ wa kan tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó padà láti ilẹ̀ Bràsílì pè wá sí ilé rẹ̀ ní Pópó Àgùdà ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ náà. Fríjọ̀n ni wọ́n ń jẹ: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ kúná, tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè papọ̀, tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà ni ó di fríjọ̀n lẹ́nu wa. Ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa pé ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsílì, àwọn obìnrin ṣì ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń dín àkàrà nínú epo pupa, acarajé ni wọ́n ń pè é, àti pé ní ọdún 2005 ni ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé àwọn ohun ìní tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ pa mọ́. Àkàrà ni ọmọ wa tí ó lọ, fríjọ̀n ni àlejò tí ó bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa, a sì sọ ọ́ kiri. A sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ata tí a fi ń ṣe ọbẹ̀ wa kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ewùrà pàápàá, ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má ṣe gan oúnjẹ àlejò. Olùkọ́ tí kò kọ́ ara rẹ̀ ni wá.

Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2022. A rán wa lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, láti bẹ ìjọ kékeré kan wò ní ìletò kan létí omi. A gba Òkìtìpupa dé Ìgbókòdá, níbẹ̀ ni a ti sọ̀kalẹ̀ tí a sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Ilé tí wọ́n fi wá wọ̀ sí jẹ́ ti ìyá arúgbó kan, opó, ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 8 lọ. Orí òpó igi ni a kọ́ ilé náà lé, omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Bí a ti wọlé, a rí àwọn nǹkan roboto kan lórí àjà lókè ààrò, wọ́n dúdú nítorí èéfín. Pupuru ni. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni èyí: a ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó ṣù ú roboto, a ó sì gbé e sókè iná kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha ara rẹ̀ dúdú náà kúrò, inú rẹ̀ a sì funfun. A ó gún un, a ó kù ú, a ó sì rò ó nínú omi gbígbóná. Oúnjẹ ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, nítorí ní ilẹ̀ olómi, níbi tí òjò kì í jẹ́ kí a sá nǹkan, iná ni oòrùn wọn. Ṣùgbọ́n a kò ro èyí ní ọjọ́ náà. Ohun tí ojú wa rí ni èéfín.

Ìyá náà gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, tí òun náà dúdú nítorí ewé tí a fi sè é, ẹja ńlá kan sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ wá fi ọwọ́ bà á.”

Ojú wa kọ̀ ọ́. A sì purọ́. A ní, “Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Inú ni ó ń run wá.”

Ìyá náà kígbe, “Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olùkọ́.” Lójú kan náà, ó fún ọmọ náà ní owó, ọmọ náà sì wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó wà á lọ títí a kò fi rí i mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì. A jẹ búrẹ́dì náà, a sì wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ògiri ilé náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́. A gbọ́ tí ọmọ náà wí pé, “Ìyá àgbà, ẹja ńlá tí ẹ ti ń tọ́jú láti ọjọ́ Ajé, ṣé wọn kò fẹ́ ẹ ni?”

Ìyá náà dáhùn pé, “Wọn ì bá fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Inú ni ó ń run wọ́n. Wá kúnlẹ̀, kí a gbàdúrà fún Olùkọ́.”

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. A gbọ́ ìró orúnkún wọn lórí pákó. Ìyá arúgbó náà bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àìsàn bá àlejò òun nínú ilé òun, kí ó wo inú Olùkọ́ sàn, kí ó lè jẹun. Ọmọ náà ṣe àmín. Àwa tí a wá láti kọ́ wọn ní àdúrà sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, a kò lè ṣe àmín sí àdúrà tí a gbà nítorí irọ́ wa. A kò sùn ní òru náà. Ohun tí Olúwa wí fún àwọn tí ó rán níṣẹ́, pé ohun tí a bá gbé síwájú wọn ni kí wọ́n jẹ, a ti kọ́ ọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìgbà tí a kò lè kà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tọ̀ ọ́ lọ ní ìdí ààrò. A ní, “Ìyá, oúnjẹ àná dà?”

Ó ní, “Ó ti tutù, Olùkọ́. Ọmọ yìí ni ó fẹ́ fi jẹun òwúrọ̀.”

A ní, “Ẹ jẹ́ kí àwa àti òun jọ jẹ ẹ́.” Ó tún ọbẹ̀ náà gbé kaná, a sì bá ọmọ náà jẹ nínú abọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ oúnjẹ: ó kan díẹ̀, òórùn èéfín sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan méjèèjì yìí ni ó mú kí ọbẹ̀ ewé náà àti ẹja omi náà dùn tó bẹ́ẹ̀. Bí a ti wẹ ọwọ́ tán, a jẹ́wọ́. A ní, “Ìyá, ẹ forí jì wá. Inú kò run wá lánàá. Ojú wa ni ó ń ṣàìsàn.”

Ìyá náà wò wá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Olùkọ́, mo gbọ́ pé àmàlà ni ẹ̀yin ń jẹ ní Ọ̀yọ́. Ṣé òun náà kò dúdú ni?”

A parí iṣẹ́ wa ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí a dá, a sì padà sí Ìbàdàn láì ránṣẹ́ sílé. Ìrọ̀lẹ́ ni a dé. Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti gbọ́ òórùn epo, edé àti ewùrà, a sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ wa. Bí a ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà dá. Ọmọbìnrin wa àgbà yára fi ọmọrí dé ìkòkò. Ìyá wọn dìde, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá wọn. A kò mọ̀ pé òní ni ẹ ó dé. Ẹ jókòó, kí n tètè ro ọkà fún yín.”

Àbíkẹ́yìn wa, ẹni tí epo ṣì wà létè rẹ̀, wá dì mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ó tún lọ lọ́la? Ọjọ́ tí ẹ bá rìnrìn àjò ni a máa ń jẹ ikókoré.”

Ọmọ kò mọ ohun tí ó wí. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ ọ́n. Ó wá yé wa pé ní gbogbo ọdún tí a ti ń rìnrìn àjò, tí a ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó tọ́jú ilé wa títí a ó fi dé, àìsí wa gan-an ni àsè ilé wa. Àwọn ọmọ wa ti kọ́ láti máa jẹ oúnjẹ ìyá wọn ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni tí ó ń jẹ ohun tí ó jí. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ikókoré wa kò tí ì pé ogún ọdún, ó sì jó wa dé ọkàn.

A ní, “Ìyá wọn, ẹ má ṣe ro ọkà. Ẹ bù fún wa nínú ti inú ìkòkò yẹn.”

Ó ní, “Ẹ̀yin kò fẹ́ ẹ.”

A ní, “Ta ni ó wí bẹ́ẹ̀?”

Ó ní, “Ẹ̀yin ni.” Ó sì rántí ọjọ́ náà, ó rántí abọ́ náà, ó rántí ọ̀rọ̀ tí a sọ, láì fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ì bá sàn fún wa kí ó gbé e sókè.

Níwájú gbogbo àwọn ọmọ ni a ti bẹ̀ ẹ́, nítorí pé níwájú wọn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ń so èso. A sọ ti pupuru fún wọn, a sọ ti irọ́ wa, a sì sọ ti àdúrà ìyá arúgbó. Kò fọhùn. Ó wọ ilé ìdáná lọ, a gbọ́ ìró ṣíbí, ó sì gbé abọ́ náà wá. Ó kúnlẹ̀ bí ó ti kúnlẹ̀ ní ọdún 2003, ó sì ń wo ojú wa. A jẹ ẹ́. Ewùrà náà rọ̀, ó ṣù díẹ̀díẹ̀ nínú epo, edé sì ti wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. A kò yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó má baà dàbí ẹ̀tàn.

Ó ní, “Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

A ní, “Ó tó.”

Láti ìgbà náà, bí a bá wà nílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa ń jẹ ikókoré. Àmàlà kò kúrò lórí tábìlì wa. Òun náà kọ́ láti fún ẹlòmíràn láyè. Ní ọdún 2023, a tún lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, a sì ru èlùbọ́ lọ fún ìyá wa ọ̀hún. Ọwọ́ wa ni a fi rò ó. Ìyá náà wo ohun dúdú tí ó wà nínú abọ́, ó wo ojú wa, ó sì wí pé, “Olùkọ́, inú kò run mi o.” Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin baba ilé tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Bí ẹ bá padà dé láti ìrìn àjò, tí ẹ sì ń ròyìn ọbẹ̀ ìlú òkèèrè, ẹ wo ojú ẹni tí ó ń gbọ́ yín. Kí ẹ sì bi àwọn ọmọ yín léèrè, ní pẹ̀lẹ́, irú oúnjẹ tí wọ́n máa ń jẹ nígbà tí ẹ kò sí nílé. Bí ìdáhùn wọn bá jó yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe bínú sí wọn. Ẹ jókòó, kí ẹ wẹ ọwọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n bù fún yín. Ó dìgbà kan ná.